JENNY LIND (1820–1887): AKỌRIN TÍ OHÙN RẸ̀ DI ILÉ-Ẹ̀KỌ́ ÀTI ILÉ-ÌWÒSÀN

Ìfáàrà

Bí a bá ń sọ ìtàn ìgbésí-ayé àwọn gbajúmọ̀, ohun tó sábà máa ń gba iwájú ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe tí òkìkí wọn fi kàn. Ohun tí wọ́n fi òkìkí náà ṣe lẹ́yìn tí ó kàn tán kì í fi bẹ́ẹ̀ gba àfiyèsí. Apá kejì yìí gan-an ni iṣẹ́ yìí gùn lé nínú ìgbésí-ayé Jenny Lind, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ọ̀kan nínú àwọn akọrin ọ́pẹ́rà tí orúkọ wọn ròkè jù lọ ní Yúróòpù ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ́pẹ́rà ni eré orí-ìtàgé tó jẹ́ pé orin ni àwọn òṣèré fi ń sọ ọ̀rọ̀ wọn, tí agbo àwọn onígòjé, onífèrè àti onílù sì ń gbè wọ́n lẹ́yìn.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ ni a fi ń bò ó jẹ. Iṣu Jenny Lind ta, ó ta jọjọ, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ bò ó. Owó tí ó rí nídìí orin ni ó fi ran ilé-ìwé ọmọ tálákà lọ́wọ́, òun náà ni ó fi ti ilé-ìwòsàn lẹ́yìn, tí ó sì fi la ọ̀nà ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ rí. Èrò tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ìwà ọ̀làwọ́ rẹ̀ ní gbòǹgbò nínú ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ gbà rí ẹ̀kọ́. Owó ìlú ni wọ́n fi tọ́ ọ, òun ni wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́. Bí ẹni tó ń san gbèsè padà ni ó sì ṣe gbé ayé rẹ̀ títí ó fi kú. A ó wo ìgbà èwe rẹ̀, bí ohùn rẹ̀ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́, bí òkìkí rẹ̀ ṣe kàn, àti ohun tí ó fi owó rẹ̀ ṣe. A kò ní fi ojú fo ibi tí ìtàn náà ti rúni lójú, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ òwò ẹrú.

Ìbí àti ìgbà èwe rẹ̀

Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ọdún 1820 ni wọ́n bí Jenny Lind ní ìlú Stockholm, olú-ìlú Sweden. Niclas Jonas Lind, akọ̀wé ìṣirò owó, ni bàbá rẹ̀. Anne-Marie Fellborg, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìwé nínú ilé rẹ̀, ni ìyá rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kò tíì fẹ́ ara wọn níṣu-lọ́kà nígbà tí wọ́n bí i. Ìyá rẹ̀ ti kọ ọkọ àkọ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìwà àgbèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbà láti fẹ́ ọkọ mìíràn níwọ̀n ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè. Ìgbà tí ọkùnrin náà kú, tí Jenny ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ni wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó. Ní àwùjọ ìgbà náà, irú ìbí bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun ìtìjú.

Kò pẹ́ tí wọ́n bí i tí wọ́n fi gbé e fún alágbàtọ́ ní ìgbèríko. Nígbà tó yá, ó bá ìyá-ìyá rẹ̀ gbé ní ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn opó ní Stockholm. Ọmọ tó nìkan ń ṣeré ni, orin sì ni ẹnì kejì rẹ̀. Ó ní ológbò kan tí ó máa ń kọrin fún lójú fèrèsé. Ibẹ̀ ni ìránṣẹ́bìnrin Arábìnrin Lundberg, tó jẹ́ oníjó ní ilé ọ́pẹ́rà ọba, ti gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ó ti ń kọjá lọ, tí ó sì lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Lundberg ní kí wọ́n mú ọmọ náà wá. Nígbà tí ó gbọ́ ọ, ó rọ ìyá rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìtàgé. Ara ìyá kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, nítorí pé kò fẹ́ràn iṣẹ́ òṣèré rárá, ṣùgbọ́n ó gbà pé kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Croelius, olùkọ́ orin ní ilé ọ́pẹ́rà.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án péré ni Jenny nígbà náà. Croelius mú un dé iwájú Count Puke, ẹni tó jẹ́ alákòóso ilé ọ́pẹ́rà ọba. Ojú ọmọdé ni ọ̀gá yìí kọ́kọ́ fi wò ó, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kọrin tán, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọdún 1830, wọ́n gbà á wọ ilé-ẹ̀kọ́ ilé ọ́pẹ́rà náà. Owó ìjọba ni wọ́n fi ń bọ́ ọ, òun ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́ láṣọ, tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ní orin, ijó, èdè àti ẹ̀kọ́ ìwé. Kókó kan nìyí tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Bí kì í bá ṣe ètò tí ìlú gbé kalẹ̀ fún ọmọ tó lẹ́bùn, yálà òbí rẹ̀ lówó tàbí kò lówó, kò sí ẹni tí ì bá gbọ́ orúkọ Jenny Lind láéláé.

Ọjọ́ tí ó bí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì

Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Jenny ti ń bá wọn kópa nínú eré. Ṣùgbọ́n ọjọ́ keje oṣù kẹta ọdún 1838 ni ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dá-ìtàn pàtàkì nínú ọ́pẹ́rà ńlá, nígbà tí ó ṣe Agathe nínú *Der Freischütz*, iṣẹ́ Carl Maria von Weber, ọmọ Jámánì. Àṣeyọrí ọjọ́ náà yà á lẹ́nu. Títí ayé rẹ̀ ni ó fi ń ka ọjọ́ yìí sí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kejì, tí ó sì máa ń rántí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ní ọdún 1840, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, wọ́n fi ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Akadẹmí Orin ti Ọba ní Sweden, wọ́n sì fi í jẹ akọrin ààfin.

Níbi tí ayé ti ń yẹ́ ẹ sí ni ewu ti ń bọ̀. Lálaalẹ́ ni ó ń kọrin, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń dáàbò bo ohùn. Nígbà tí ó pinnu láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i ní Paris, ó ní láti rin ìgbèríko Sweden já láti fi orin wá owó ọ̀nà. Èyí tún dá kún àárẹ̀ ohùn náà. Nígbà tí ó dé iwájú Manuel García ní ọdún 1841, ohùn rẹ̀ ti hán, ó sì já mọ́ ọn lẹ́nu nígbà tí ó ń kọrin fún ọ̀gá náà. García sọ ojú abẹ níkòó fún un pé kò sí ohùn kankan níbẹ̀ mọ́ tí òun lè kọ́. Ó ní kí ó lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ó má kọrin rárá, kí ó sì dín ọ̀rọ̀ sísọ kù.

Ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìró èdè mọ García yìí dáadáa, nítorí òun ni ó fi dígí kékeré wo ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀ ní ọdún 1854, tí ó sì rí tán-án-ná níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ni Jenny bọ́ sí lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìsinmi náà, García bẹ̀rẹ̀ láti orí bí a ṣe ń mí, bí a ṣe ń gbé ohùn jáde, àti bí a ṣe ń so ohùn kan mọ́ òmíràn. Jenny padà di akẹ́kọ̀ọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọrin ààfin ni. Nǹkan bí oṣù mẹ́wàá ni ó fi wà lọ́dọ̀ García. Nígbà tí ó padà sí Stockholm ní ọdún 1842, ohùn rẹ̀ lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì dùn jù ú lọ pẹ̀lú. Ó dà bí ẹni pé ìrírí yìí ni ó jẹ́ kí ó mọ̀ pé ohùn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ní láéláé. Bí ẹni yá ni lówó ni, ẹni tó yá ni sì lè gbà á nígbàkigbà.

Òkìkí rẹ̀ ní Yúróòpù

Ẹ̀rù ń ba Jenny láti kọrin lẹ́yìn odi Sweden, ṣùgbọ́n ní ọdún 1843 wọ́n rọ̀ ọ́ títí ó fi kọrin ní Copenhagen, olú-ìlú Denmark. Gbogbo ìlú ló gba tirẹ̀. Hans Christian Andersen, òǹkọ̀wé àlọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n bí ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n lásán ni Jenny ṣe mú un. Ní Copenhagen yìí kan náà ni ó ti kọrin láti fi wá owó fún ẹgbẹ́ kan tó ń gba àwọn ọmọ tí òbí wọn ń hùwà ìkà sí sílẹ̀. Andersen sọ ọ́ nínú ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ bí omi ṣe bọ́ lójú akọrin náà nígbà tí ó gbọ́ iye ọmọ tí owó náà yóò ràn lọ́wọ́.

Láti ibẹ̀ ó di Berlin ní ọdún 1844, ó di Leipzig ní ọdún 1845, ó di Vienna ní ọdún 1846. Ní Leipzig, Felix Mendelssohn, ọ̀kan nínú àwọn aṣẹ̀dá-orin ńlá ilẹ̀ Jámánì, di ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ní ọjọ́ kejì tí ó kọ́kọ́ kọrin níbẹ̀, ó tún kọrin lọ́fẹ̀ẹ́ fún àpò owó ìrànwọ́ àwọn opó tí àwọn onígòjé àti onífèrè agbo orin ìlú náà fi sílẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 1847, ó kọrin ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú *Robert le diable*, iṣẹ́ Meyerbeer. Ọbabìnrin Victoria wà níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún náà, Giuseppe Verdi fúnra rẹ̀ wá láti Ítálì, ó sì darí ọ́pẹ́rà tuntun rẹ̀, *I masnadieri*, nínú èyí tí Jenny ti jẹ́ Amalia. Àwọn ènìyàn ń fún ara wọn pa lẹ́nu ọ̀nà láti wọlé. Wọ́n wá sọ ọ́ ní Ẹyẹ Olóhùn Iyọ̀ ti Ilẹ̀ Sweden.

Bí òkìkí ti ń pọ̀ ni ìtọrẹ náà ń pọ̀. Nígbà tí ó padà sí Stockholm lọ́dún 1847, ó ya owó tó wọlé lórí eré rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tálákà tó lẹ́bùn ní ilé-ẹ̀kọ́ ọ́pẹ́rà tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde. Ní ọdún 1848, ó kọrin ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-ìwòsàn Brompton, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ. Mendelssohn ti kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1847, ní ọmọ ọdún méjìdínlógójì. Ohùn Jenny ni ó ní lọ́kàn nígbà tí ó ń kọ apá obìnrin nínú *Elijah*, orin ìtàn Wòlíì Èlíjà. Ọ̀fọ̀ náà dun Jenny débi pé kò lè kọ orin ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1848, ó gbà láti kọ *Elijah* ní Exeter Hall ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó tó wọlé, tó tó 1,000 pọ́n-ùn, ni wọ́n fi dá ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní orúkọ Mendelssohn. Ọmọ tó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀, ní ọdún 1856, ni Arthur Sullivan, tó padà di ọ̀kan nínú àwọn aṣẹ̀dá-orin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn jù lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 1849, ó kọrin ní Norwich, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí àwọn aláìní ìlú náà. Àwọn àgbà ìlú kò pín owó náà fún àwọn tálákà ní náírà-ní-kọ́bọ̀. Wọ́n fi í pamọ́ títí wọ́n fi rí ohun tó ní láárí fi ṣe: wọ́n dá ilé-ìwòsàn àwọn ọmọdé sílẹ̀, èyí tó ṣí ilẹ̀kùn ní ọdún 1854, nígbà tí irú ilé-ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ Jenny Lind ni wọ́n fi pè é, orúkọ náà sì ni ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn ọmọdé ní ilé-ìwòsàn ńlá Norwich ń jẹ́ títí di òní.

Ìdí tí ó fi kúrò nínú ọ́pẹ́rà

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún ọdún 1849, Jenny Lind ṣe ọ́pẹ́rà fún ìgbà ìkẹyìn. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Kò sí ẹni tó lé e. Òun ni ó ń gba owó gegere, òun ni ayé ń fẹ́. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ ni pé ayé ilé-ìtàgé kò bá ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ mu mọ́. Onígbàgbọ́ tó mú ẹ̀sìn rẹ̀ lọ́kùn-únkúndùn ni, ìbí rẹ̀ tó ní àbùkù lójú àwọn ènìyàn sì ti jẹ́ kí ó máa ṣọ́ ìwà ara rẹ̀ láti kékeré. Láti ìgbà náà lọ, àpéjọ orin nìkan ni ó ń kọrin níbẹ̀, kò ṣe eré mọ́.

Èyí kò yé àwọn olólùfẹ́ rẹ̀, ó sì bí ọ̀pọ̀ nínú. Àwọn kan ní olóríkunkun ni. Kò dá wọn lóhùn. Ó ní ohun kan tí ó ń lépa: ó fẹ́ kó owó tó pọ̀ jọ tí òun yóò fi dá ilé-ìwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà ní Sweden. Níbi tí ó ti ń ro èyí ni ẹnì kan ti kàn sí i láti òkè òkun.

Ìrìn-àjò Amẹ́ríkà

Phineas Taylor Barnum ni ẹni náà. Oníṣòwò ni ní New York, ó ní ilé ńlá kan tí ó ti ń fi ohun abàmì àti ènìyàn abàmì hàn fún owó. Kò tíì gbọ́ ohùn Jenny rí nígbà tí ó rán aṣojú sí i; òkìkí rẹ̀ ni ó gbọ́. Ìwé àdéhùn tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní Lübeck, ilẹ̀ Jámánì, ní oṣù kìíní ọdún 1850, fún Jenny ní 1,000 dọ́là lórí àpéjọ orin kọ̀ọ̀kan, tí kò ní ju 150 lọ. Barnum ní láti kó 187,500 dọ́là sí ilé ìfowópamọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kí akọrin náà tó gbéra. Àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù fún wa nínú àdéhùn yìí ni pé Jenny ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun lómìnira láti kọrin fún àwọn aláìní nígbàkigbà tí ó bá wu òun. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó rí owó ńlá ló máa ń rántí láti kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sínú ìwé.

Barnum mọ ìpolówó ọjà dé góńgó. Kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé Jenny dé New York ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1850, ìwé ìròyìn ti kún fún ìtàn ohùn rẹ̀ àti ìtàn ìṣeun rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó dúró dè é ní èbúté. Gbàǹjo ni wọ́n fi ta ìwé ìwọlé àkọ́kọ́. Ẹni tó ń ta fìlà kan san 225 dọ́là fún ìjókòó kan ṣoṣo. Ọjọ́ kọkànlá oṣù náà ni ó kọ́kọ́ kọrin ní Castle Garden. Nǹkan bí 10,000 dọ́là tí ó kàn án ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ó pín pátápátá fún àwọn ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ ní New York. 3,000 dọ́là nínú rẹ̀ lọ sí àpò àwọn opó àti ọmọ òrukàn tí àwọn panápaná fi sílẹ̀.

Ìṣòro kan wà níhìn-ín. Barnum ń fi ìtọrẹ Jenny polówó ọjà rẹ̀. Bí akọrin náà bá ti ta àwọn aláìní lọ́rẹ, ìwé ìròyìn yóò gbé e, ìwé ìwọlé yóò sì tún gbówó lórí. Ǹjẹ́ oore tí a fi fèrè kéde ṣì jẹ́ oore? Ìdáhùn Jenny hàn nínú ìṣe rẹ̀. Ariwo náà sú u, àwọn èrò tó ń ya wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti tọrọ owó náà sì sú u. Ní oṣù kẹfà ọdún 1851, lẹ́yìn àpéjọ orin tó lé ní 90, ó san owó ìtanràn tó wà nínú àdéhùn, ó sì yà kúrò lọ́dọ̀ Barnum. Àkọsílẹ̀ Barnum fi hàn pé owó tó wọlé lé ní 700,000 dọ́là, èyí tó kan Jenny nínú rẹ̀ sì lé ní 170,000. Jenny dá ìrìn-àjò náà ṣe títí di oṣù karùn-ún ọdún 1852, pẹ̀lú ariwo tó mọ níwọ̀n. Èyí tó pọ̀ nínú owó Amẹ́ríkà ni ó lọ sí ìtọrẹ, pàápàá sí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ní Sweden.

Ọ̀rọ̀ òwò ẹrú

Apá yìí nínú ìtàn náà kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí Jenny ń rìn káàkiri Amẹ́ríkà, ẹrú ṣì ń bẹ ní gbogbo ìpínlẹ̀ gúúsù. Barnum tó gbà á síṣẹ́ ti fi arábìnrin arúgbó kan tó jẹ́ ẹrú, Joice Heth, ṣe ìran wíwò ní ọdún 1835, tí ó purọ́ pé ó ti pé ọmọ ọdún 161. Jenny kọrin ní Richmond, ó kọrin ní Charleston, ó kọrin ní New Orleans, níbi tí ọjà ẹrú ti ń ná lójú mọmọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1851, ó kọrin ní Havana ní orílẹ̀-èdè Kúbà. Ní àsìkò yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú nínú ogun tó tẹ̀lé ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí níbẹ̀, ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké Kúbà. Owó ìrèké yìí ni ọrọ̀ ìlú Havana. Bí a bá tọpasẹ̀ dọ́là tó wọ ilé-ìwé ọmọ Sweden dé orísun rẹ̀, a ó rí i pé òógùn ẹrú wà nínú rẹ̀.

Ní òpin ọdún 1850, àhesọ kan ń jà káàkiri pé Jenny ti fi owó ta àwọn tó ń jà fún ìdásílẹ̀ ẹrú lọ́rẹ. Barnum kọ̀wé sí ìwé ìròyìn ní Washington pé irọ́ ni, kí àwọn ará gúúsù má baà kọ̀yìn sí ọjà rẹ̀. Jenny kò sọ ohunkóhun ní gbangba. Ìdákẹ́jẹ́ yìí kò yẹ ẹni tí àánú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 1852, nígbà tí kò sí lábẹ́ Barnum mọ́, ó ka *Uncle Tom's Cabin*, ìwé tí Harriet Beecher Stowe kọ láti fi ìwà ìkà òwò ẹrú hàn. Ó kọ lẹ́tà ìyìn sí Stowe. Stowe ń wá owó nígbà náà láti ra òmìnira fún àwọn ọmọ ìyá àgbà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Milly Edmondson, ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà lóko ẹrú. Jenny àti ọkọ rẹ̀ dá owó sí i. Iye náà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ó ti rí ní gúúsù, ṣùgbọ́n ó fi ibi tí ọkàn rẹ̀ wà hàn. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ ni pé ọwọ́ rẹ̀ yá sí oore ju bí ẹnu rẹ̀ ti yá sí òdodo lọ.

Ìyàwó ilé, ìyá àti olùkọ́

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 1852, Jenny fẹ́ Otto Goldschmidt ní ìlú Boston. Onídùùrù ọmọ Hamburg ni, ó sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án kéré sí Jenny lọ́jọ́ orí. Àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí èyí, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó náà tọ́jọ́ títí ikú fi yà wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ní Dresden, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1858. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí.

Jenny dín orin kíkọ kù nítorí ọkọ àti ọmọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ mọ́ ìrànlọ́wọ́, ó máa ń jáde. Ní ọdún 1856, lẹ́yìn ogun Crimea, ó kọrin ní Exeter Hall láti fi kún àpò owó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní orúkọ Florence Nightingale. Nǹkan bí 2,000 pọ́n-ùn ni orin ọjọ́ kan ṣoṣo náà mú wọlé. Inú àpò owó yìí ni wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn St Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1860, ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀nà ìkọ́nọ́ọ̀sì rẹ̀ tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lágbàáyé.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ di olùdarí Bach Choir tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, Jenny jókòó láàárín àwọn obìnrin olóhùn òkè, ó ń kọ́ wọn, ó sì ń kọrin pẹ̀lú wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1876, ẹgbẹ́ náà kọ *Mass in B Minor*, iṣẹ́ Bach, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọdún 1883, wọ́n ṣí Royal College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi Jenny ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nínú orin kíkọ. Àádọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ náà kọ́kọ́ gbà lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ẹ̀bùn wọn, tí kì í ṣe nítorí ipò òbí wọn. Níhìn-ín ni àyíká náà ti pé. Ọmọ tí owó ìlú kọ́ ní ọdún 1830 wá di àgbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ tí owó àwùjọ ń kọ́. Olùkọ́ tó le ni. Kò gba ìwà ọ̀lẹ láàyè, kò sì fẹ́ kí akọrin mọ orin nìkan láìmọ ohun mìíràn. Ó fẹ́ kí wọ́n mọ èdè, kí wọ́n sì mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ lórin. Ohun tí García fi kọ́ ọ lórí èémí àti ìgbóhùnjáde ni ó fi lé wọn lọ́wọ́. Ó ṣe iṣẹ́ yìí títí di ọdún 1886, nígbà tí ara kò gbé e mọ́.

Ọdún 1883 yìí kan náà ni ó kọrin ní gbangba fún ìgbà ìkẹyìn, ní Malvern. Àpò ìrànlọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni ó kọrin fún. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà ni ó ṣe parí rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1887, ó jáde láyé ní ilé rẹ̀ ní Wynd's Point, nítòsí Malvern, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ní ọdún 1894, wọ́n gbé òkúta ìrántí rẹ̀ kalẹ̀ nínú Westminster Abbey. Ní ọdún 1996, Sweden gbé àwòrán rẹ̀ sí orí owó bébà 50 kronor, ó sì wà níbẹ̀ títí wọ́n fi pààrọ̀ owó náà.

Àgbálọgbábọ̀

Kò sí ẹni tó wà láàyè lónìí tó gbọ́ ohùn Jenny Lind, kò sì sí ẹ̀rọ tó gba ohùn náà sílẹ̀ fún wa. Ohun tí ayé fi sọ ọ́ lórúkọ ti bá a wọ ilẹ̀ lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù ni èyí tí ó fi ohùn náà rà: ilé-ìwòsàn ọmọdé ní Norwich, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó wà ní orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìrànwọ́ rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní Sweden. Ọlọ́gbọ́n ni nínú ọ̀nà tí ó gbà ta ọrẹ. Owó tí a fi sí ọwọ́ aláìní lónìí lè tán lọ́la. Owó tí a fi dá ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé-ìwòsàn sílẹ̀ yóò ṣe ọmọ-ọmọ aláìní náà lóore.

A ti rí ibi tí ó kù sí pẹ̀lú. Ó dákẹ́ níbi tó yẹ kí ó ti sọ̀rọ̀, láàárín àwọn tó ń ta ènìyàn bí ẹran. Bí a bá ń fi ìgbésí-ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ, kí a kọ́ wọn ní apá méjèèjì, kí wọ́n lè mọ̀ pé oore ńlá kò bo ìdákẹ́jẹ́ mọ́lẹ̀.

Fún àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìkọ́ni, ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí kò yẹ kí ó sọnù. Kí Jenny Lind tó kọ orin kankan fún ọba, ìránṣẹ́bìnrin kan ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú fèrèsé, kò sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Oníjó kan ní kí wọ́n mú un wá. Olùkọ́ orin kan mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lágbára. Owó ìlú kan sì wà nílẹ̀ tí wọ́n lè fi kọ́ ọ. Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ àwọn àgbà wọ̀nyí tó pẹpẹ fún ọmọ náà. Nígbà tí tirẹ̀ tó o, ó nà án fún àwọn ọmọ ẹlòmíràn. Nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan tí a ń wọ̀ ni ọmọ kan wà tó ń kọrin fún ológbò rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti dúró gbọ́ ọ.